Ìkọ́ṣẹ́ Mi Lọ́dọ̀ Màmá Tíṣà

Ní Ìjió níbí, ọlidé sáà kẹta kì í ṣe àkókò ìjókòó sílé. Láti ìparí oṣù keje tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi títí di oṣù kẹsàn-án tí wọn yóò wọlé padà, oko ló ń pe ọmọ. Àgbàdo ti gbó, iṣu tuntun ti ń jáde, ẹ̀gẹ́ wà nílẹ̀ tí wọn yóò bó fún gàrí, ẹni tí òbí rẹ̀ sì ń ṣòwò lọ sí ọ̀nà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yóò tẹ̀ lé e lọ. Mi ò ka èyí sí aburú, nítorí iṣẹ́ oko náà ló ń san owó ilé ìwé. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọmọ tó ń lọ sí JSS 3 lè má fojú kan ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo títí ọlidé yóò fi parí, bó bá sì padà dé kíláàsì, èyí tó kọ́ ti fò lọ lórí rẹ̀. Yorùbá Oǹkò là ń sọ nílé láti òwúrọ̀ dalẹ́. Lọ́jà, ẹ óò gbọ́ Fúlàní, ẹ óò gbọ́ Faransé díẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ti òdìkejì ẹnubodè wá. Gẹ̀ẹ́sì kò sí láyìíká tí ọmọ yóò fi etí kó o. Inú ìwé ló ti lè bá a pàdé lójoojúmọ́.

Nítorí èyí ni mo ṣe lọ kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tí mo kọ́ ni yíyan ìwé fún ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu, ìwé tí yóò lè dá kà, tí yóò sì wù ú láti kà dé òpin. Ọ̀gá mi jẹ́ olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ṣiṣẹ́ ní Ìwéré-Ilé, ní Igànná àti láwọn ìlú mìíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjówà kó tó padà sílé. Màmá Tíṣà ni gbogbo ọmọdé ń pè é, èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù onígi kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tó kún fún ìwé ìtàn, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń yá ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọlidé. Mo lọ bá a pé mo fẹ́ máa bá a pín ìwé náà. Ó wò mí títí.

"Pínpín kọ́ niṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹni tó bá fẹ́ pín ìwé á kọ́kọ́ mọ ìwé, á sì tún mọ ọmọ. Wá lọ́la, kí o mú abẹ́rẹ́ dání."

Abẹ́rẹ́ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá ti tú, a ó to ojú ewé rẹ̀ bó ṣe yẹ, a ó fi ìṣó tín-ín-rín lu ihò sí etí rẹ̀, a ó fi òwú tí a ti fi àbẹ́là pa rán an, a ó wá fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó fi bébà kàlẹ́ńdà tó nípọn dì í, kí funfun ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà wà lóde. Mo rò pé nítorí òjò àti ọwọ́ oko ni, ó sì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn tún wà tí kàlẹ́ńdà náà ń ṣe. Lára àwọn ìwé yìí, òmíràn wà tí wọ́n kọ kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí lára, òmíràn wà tó jẹ́ pé àwòrán ọmọ kékeré ló wà níwájú rẹ̀. Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n ti ń hù kò ní gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni ìwé tó yẹ ẹ́. Bí a bá ti dì wọ́n tán, gbogbo wọn dọ́gba. Màmá Tíṣà gbà pé ìtìjú ń lé ọmọ kúrò nídìí ìwé ju ìṣòro ọ̀rọ̀ lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò rí ohun kan tó ta ko èyí.

Ìgbà tí ọwọ́ mi ti mọ́ abẹ́rẹ́ ló tó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, gbogbo rẹ̀ pátá, pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Bébà pélébé kan wà nínú ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ nǹkan sí: irú ọmọ tí ìwé náà yẹ, ibi tí ìtàn ti gbóná, ibi tó ti lè sú ọmọ. Èmi náà ní láti kọ tèmi sí abẹ́ tirẹ̀. Chike and the River tí Chinua Achebe kọ, tó jáde lọ́dún 1966, ló fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ìwé. Ìwé kékeré ni. Chike, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kúrò lábúlé lọ sí Onitsha, ó ń wá sísì kan tí yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Ọya lọ sí Àsàbà. Màmá ní kí n wo ohun tí òǹkọ̀wé náà ṣe. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ náà ń fẹ́, a sì tètè mọ ohun náà, nítorí náà ẹni tó ń kà á fẹ́ mọ̀ bóyá yóò rí i. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú. Ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá léraléra, débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lákọ̀ọ́kọ́ á ti mọ̀ ọ́n nígbà tó bá máa fi rí i lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwa tí odò Ọ̀pàrá wà láàárín ilẹ̀ wa àti Bẹ̀nẹ̀, ọmọ wa kò nílò àlàyé kankan lórí ọmọdé tó ń wo òdìkejì odò tí ọkàn rẹ̀ ti dé ọ̀hún.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ láti ìwé dé ìwé. The Drummer Boy ti Cyprian Ekwensi, ti ọdún 1960, dá lórí Akin, ọmọ afọ́jú tó ń lùlù. Ohun tí Màmá kọ́kọ́ tọ́ka sí níbẹ̀ ni orúkọ ọmọ náà. Ọmọ Yorùbá tó bá rí Akin kò ní dúró láti máa wá bí wọ́n ṣe ń pè é, agbára tí ì bá fi bá orúkọ àjèjì jà, orí ìtàn ni yóò lò ó sí. Sugar Girl ti Kola Onadipe, ti ọdún 1964, ìtàn Ralia, ọmọbìnrin tó sọnù sínú igbó, ló ń fún àwọn ọmọ JSS 1. Eze Goes to School tí Onuora Nzekwu àti Michael Crowder jọ kọ lọ́dún 1963 wà fún ọmọ tó mọ ohun tí wàhálà owó ilé ìwé jẹ́. Lórí bébà ti ìwé yẹn, Màmá fa ìlà sí abẹ́ ohun kan tó kọ: kí n béèrè bí ilé ọmọ ṣe rí kí n tó fún un. Bàbá Eze kú nínú ìtàn náà, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ni a ń gbé ikú bàbá lé lọ́wọ́ láìmọ ohun tó ń lọ nílé wọn.

Fún àwọn tó ti gòkè díẹ̀, Without a Silver Spoon ti Eddie Iroh, ọdún 1981, àti My Father's Daughter ti Mabel Segun, ọdún 1965. Ondo ni wọ́n ti bí Màmá Segun, ìràwọ̀ ni wọ́n tún jẹ́ nídìí tẹníìsì orí tábìlì, àwọn ọmọbìnrin sì máa ń fẹ́ gbọ́ èyí kí wọ́n tó ṣí ìwé náà. Pacesetters tí Macmillan bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1977 wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìwé ìfẹ́ àti ti ọlọ́pàá àti olè. Àwọn ọmọ SS fẹ́ràn wọn gan-an, àmọ́ ẹni tó máa pín in gbọ́dọ̀ ti ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ìwé tó le lára àwọn tí Màmá kà sí pàtàkì. Mo bi í léèrè. Ó ní ìwé tó le ni ilé ìwé ń fún wọn láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù keje. Ìwé ọlidé, ó yẹ kó rẹlẹ̀ sí kíláàsì ọmọ díẹ̀, kí ọmọ lè sáré nínú rẹ̀.

Ìka ọwọ́ ló fi ń mọ ìwé tó rẹlẹ̀ tó. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo rí i dáadáa, nígbà tí ọmọkùnrin kan wá, tí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ò wọ orí mi." Màmá kò dá a lóhùn lórí ìyẹn. Ó bi í ní ibi tó lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ náà ní òun bá àbúrò bàbá òun gbé gàrí lórí ọ̀kadà lọ sí ọ̀nà ẹnubodè, òjò ká wọn mọ́nà, ọ̀kadà rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n sì ní láti ru àpò gàrí lórí sọdá ibi tí omi ti gba ojú ọ̀nà. Ó ń fi ọwọ́ júwe bí omi ṣe ga tó lára òun. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, òun náà ti gbàgbé pé Gẹ̀ẹ́sì ló gbé òun wá. Màmá jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó wá dìde, ó mú Chike and the River jáde, ó ṣí i sí àárín, kì í ṣe ojú ewé àkọ́kọ́, nítorí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé púpọ̀ máa ń kún fún orúkọ ènìyàn àti ti ìlú.

"Kà á wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ara rẹ. Ọ̀rọ̀ tí o kò bá mọ̀, ká ìka kan. Bí ìka márùn-ún bá ká tán kí o tó dé ìsàlẹ̀, dá a padà fún mi, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

Ọmọ náà kà á pẹ̀lú ètè tó ń mì. Ìka kan ká. Ó dúró, ìkejì ká. Ó lọ jìnnà díẹ̀ kí ìkẹta tó ká. Ó dé ìsàlẹ̀ ewé náà, ó wo ìka méjì tó kù ní nínà, ó wo ojú Màmá. Màmá ní, "Gbé e lọ sílé."

Ìgbà tó yá ni mo kà nípa Paul Nation, ọ̀mọ̀wé ará New Zealand tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí ènìyàn ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀ inú èdè àjèjì. Òun àti Marcella Hu gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2000, ohun tí wọ́n rí sì ni pé kí ènìyàn tó lè dá ka ìtàn kan kó sì yé e láìsí olùrànlọ́wọ́, ó yẹ kó mọ bí ọ̀rọ̀ 98 nínú 100. Ojú ewé kan nínú ìwé kékeré sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ bíi 200 sí 250. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí márùn-ún ni ọmọ lè ṣàìmọ̀ lójú ewé kan. Ọ̀mọ̀wé méjèèjì àti Màmá Tíṣà kò pàdé rí, síbẹ̀ ibì kan náà ni wọ́n dé.

Ìwádìí mìíràn wà tí mo máa ń sọ fún àwọn òbí tó bá ní kí n fi gírámà kọ́ ọmọ wọn dípò ìwé ìtàn. Ní erékùṣù Fíjì, láti ọdún 1980, Warwick Elley àti Francis Mangubhai kó ìwé ìtàn bíi 250 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan láwọn ilé ìwé ìgbèríko, fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin àti ìkarùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ilé wọn. Àwọn kíláàsì mìíràn ń bá ẹ̀kọ́ wọn àtijọ́ lọ, tí olùkọ́ ń sọ gbólóhùn tí wọ́n ń tún un sọ. Àwọn tó ń ka ìtàn tẹ̀ síwájú nínú ìwé kíkà àti gbígbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ìlọ́po méjì àwọn yòókù, nígbà tó sì di ọdún kejì, ó ti hàn nínú ìkọ̀wé àti gírámà wọn pẹ̀lú. Ìgbèríko bíi tiwa ni. Ohun tí wọ́n ní tí a kò ní ni ìwé.

Òfin Màmá kò pọ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ ṣí díkíṣọ́nárì nígbà tó bá ń kà lọ́wọ́. Ohun tí kò yé e, kó fi ìtàn náà méfò rẹ̀, kó sì máa lọ. Bó bá parí orí kan, ó lè padà mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré tó ń dà á láàmú wá béèrè. Kò sí ìdánwò lẹ́yìn ìwé, kò sí pé kó lọ kọ àkékúrú ìtàn wá. Mo fara mọ́ èyí ju gbogbo òfin yòókù lọ, nítorí mo ti rí ọmọ tó kórìíra ìwé tó dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n ní kó wá kọ kókó mẹ́wàá inú rẹ̀.

Dípò ìdánwò, ọmọ yóò sọ ìtàn náà ní Yorùbá. Ọmọkùnrin ọ̀kadà yẹn sọ ti Chike níbi tí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń bó ẹ̀gẹ́, mo sì wà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ dé ibi tó kà dé, ó dákẹ́. Àwọn obìnrin náà ní kó máa bọ̀, kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ? Ó ní òun ò tíì kà á débẹ̀. Ìyá kan gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ ka ìyókù kó tó wá bó ẹ̀gẹ́. Ẹni tí ìtàn kò bá yé ní Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ ọ́ dùn ní Yorùbá. Kò sí ibi tó máa fara pamọ́ sí. Àwọn ilé ìwé kan wà tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, nítorí wọ́n rò pé Yorùbá ló ń dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti dá irú èrò yẹn lóhùn láti ọdún 1970, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ìdí nìyí tí ìwé Fágúnwà fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń pè ní ti Gẹ̀ẹ́sì. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, Wọlé Ṣóyínká sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968 pẹ̀lú àkọlé The Forest of a Thousand Daemons. Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká le. Bí a bá fi ìka wọ̀n ọ́n, ìka ọwọ́ méjèèjì kò ní tó. Ṣùgbọ́n ọmọ SS 2 tó ka Yorùbá rẹ̀ lálẹ́, tó wá ka ibì kan náà ní Gẹ̀ẹ́sì láàárọ̀, ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ló kù tó ń wò. Akínwùmí Ìṣọ̀lá náà ti tú Aké ti Ṣóyínká sí Yorùbá, ọ̀nà kejì nìyẹn fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn ìgbésí ayé ju ti iwin lọ.

Ó pẹ́ kí Màmá tó jẹ́ kí n kàwé sókè fún àwọn ọmọ. Òun fúnra rẹ̀ kọ́ ọ láti inú rédíò, láti ìgbà tó ti ń gbọ́ ètò Special English tí Voice of America bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ bíi 1,500 péré ka ìròyìn, díẹ̀díẹ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ tó ń gorí ara wọn. Èmi á kà, òun á di ojú, ibi tí mo bá ti sáré, á fi ìka kan tábìlì. Orí àkọ́kọ́ la máa ń kà sókè, a ó sì pa ìwé dé níbi tó gbóná jù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù, ìwé nìyí.

Àwọn òbí kan máa ń wá bá wa pé ìwé JAMB nìkan lọmọ àwọn nílò. Ìwé dáadáa ni The Lekki Headmaster ti Kabir Alabi Garba tí JAMB ń lò láti ọdún 2025, ọmọ SS 3 sì gbọ́dọ̀ kà á. Àmọ́ ọmọ tí ìyẹn jẹ́ ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tó máa kà dé òpin láyé rẹ̀ yóò jìyà nínú rẹ̀. Kó ka kékeré méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tí kò sì rówó ìwé rárá, African Storybook wà lórí fóònù, láti South Africa ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 2014, ọ̀fẹ́ ni, ìtàn kéékèèké ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀. A máa ń gbà á sórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dúró, a ó wá kà á nílé.

Ọjọ́ tí mo gba fíríìdọ̀mù, kò sí àsè. Ọmọbìnrin SS 2 kan wá, Màmá sì gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Àǹtí yín ló máa dá ọ lóhùn." Mo fún un ní The Drummer Boy. Ìka márùn-ún ká kó tó dé ìdajì ewé. Ojú ti ń tì í. Mo bi í ta ló ń tọ́jú nílé lálẹ́. Ó ní àwọn àbúrò òun ni, ìyá àwọn máa ń pẹ́ lọ́jà. Mo mú Anna Hibiscus fún un, ìwé tí Atinuke tí wọ́n bí ní Ìbàdàn kọ lọ́dún 2007, tí orí rẹ̀ kúrú, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì rọrùn. Mo ní kó máa kà á fún àwọn àbúrò rẹ̀ kí wọ́n tó sùn, kó kọ́kọ́ dá kà á lọ́sàn-án kó lè yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kó sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún wọn níbi tí kò bá yé wọn. Ó gbà á láìtijú, nítorí pé ìwé àwọn àbúrò rẹ̀ ló rò pé òun ń gbé lọ. Màmá kò sọ nǹkan kan títí ọmọ náà fi jáde, àfi pé kí n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Páálí ìwé tèmi ti wà nílé báyìí, ní apá ibòmíràn nínú ìlú, gbogbo rẹ̀ dì nínú kàlẹ́ńdà. Bí mo bá ń lọ sí Ìbàdàn, mo máa ń yà sáwọn ilé ìtàwé àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù. Without a Silver Spoon ni mo ń wá jù lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí ẹ̀dà kan ṣoṣo tí mo ní kò tíì sùn sílé láti ìgbà tí ọlidé ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kọ orúkọ sílẹ̀ dè é sì ń pọ̀ sí i.